Bàbá Ràódàt àti Gémù Onígi Méjì

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n èmi Safurat yìí kan náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ gémù dáadáa lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín kó tètè rín in tán.

Ahunṣọ ni ọkọ mi, Hussein Àyìndé. Bàbá Ràódàt ni mò ń pè é, nítorí orúkọ àkọ́bí wa. Bó bá ti jókòó sídìí òfì, igi kékeré tí òwú wà nínú rẹ̀ yẹn á ti ọwọ́ ọ̀tún sáré lọ sí ti òsì, á tún padà, bí o bá ṣẹ́jú báyìí, o ò ní rí i mọ́. Iṣẹ́ tó mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, ó jí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun fa ọwọ́ òun yọ lábẹ́ òun. Ọwọ́ náà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, kò kàn gbọ́ tirẹ̀ mọ́ ni.

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é. A gbé e lọ sí ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí pé àbúrò rẹ̀, Nùrẹ́nì, ń gbé ìlú náà, ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, Bọ̀dá Rédíò ni mo sọ ọ́. Nígbà tí ọsibítù dá wa sílẹ̀, ilé rẹ̀ la dé sí, ká lè máa lọ fún ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹnu tó wọ́ padà sípò. Ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ̀ jálẹ̀. Sístà Moyinolúwa, nọ́ọ̀sì tó ń bá àwọn aláìsàn na apá na ẹsẹ̀, ní ọwọ́ náà sùn ni, ká wá iṣẹ́ tó fẹ́ràn fún un, yóò jí. Ó fún ọkọ mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kó máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo wá dà ni?" Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ògiri. "Safurat, ọwọ́ kan ò lè hunṣọ."

Kì í pe orúkọ mi. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Bọ̀dá Rédíò ló gbé gémù jáde. Èkó ló ti rà á lọ́dún 1978. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀: igi funfun kan lápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, igi funfun kan lápá òsì, bọ́ọ̀lù kékeré ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn, pọ́, pọ́, pọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun róbótó kan tó ń yí, bí ẹni tó ń wá stéṣọ̀n rédíò, igi rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára igi rẹ, ẹnì kejì gba àmì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jẹ. Wáyà rẹ̀ kúrú, torí náà ẹnu tẹlifíṣọ̀n gan-an ni wọ́n ń jókòó sí. Ọ̀sán sì ni, torí pé ètò tẹlifíṣọ̀n kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì ni Bàbá Ràódàt fi gbá a, ó sì na Bọ̀dá Rédíò ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́fà.

"Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ta ló kọ́ yín?"

"Kí ló wà níbẹ̀? Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ mi nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n ò gbọ́ láti oṣù méjì. Mo sá lọ sí kíṣìnnì, mo sunkún mi.

Nígbà tí mo ròyìn fún Sístà, ó ní, "Ọwọ́ wo ló fi gbá a?" Mo ní òsì ni. "Ẹ bá mi di òsì yẹn mọ́lẹ̀, mà."

Mo dì í. Ìborùn mi ni mo fi so ó mọ́ apá àga. Ẹ̀yin èèyàn, ọkùnrin yẹn bú mi! Mo ní, "Ẹ bú mi dáadáa, ẹ ṣáà ti máa yí i." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òdo ló ń gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àtàǹpàkò mira. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti ń gba àmì márùn-ún, mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí gémù bá ti parí, ọwọ́ á tún dùbúlẹ̀ sórí itan, kò lè gbé ṣíbí.

Israfil ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Rédíò ni, ó ń ta páàtì mọ́tò, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju tèmi lọ. Ó ti Kútọnu gbé gémù tuntun dé, èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ọkùnrin kékeré kan ń fò lórí àpáta, ẹyẹ ń lé e, orin ń dún. Ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n fún un, bí ẹyẹ bá ti ṣá a jẹ, ọ̀kan lọ nìyẹn.

"Ẹ wo àwọ̀! Ẹ wo bí ẹyẹ yẹn ṣe pupa!"

"Níbo?" ni ọkọ mi wí. "Eérú ni mo rí."

"Tẹlifíṣọ̀n yìí ni ò ní àwọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó pupa."

Mo ń fọṣọ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ohùn Israfil: "Yéè! Ó ti kú! Ó kú pátápátá!" Kí n tó sáré dé iwájú ilé, Ìyá Ọládépò, tí ilé rẹ̀ kan tiwa, ti tú gèlè, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ọkọ mi: "Hussein o! Ọmọ dáadáa! Àìsàn yìí náà ló mú ẹ lọ!" Ọkọ mi yọjú sí i láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, mà." Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú kànga.

Mo fi aṣọ tútù lé Israfil yí ilé ká. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ikú mọ́ nínú ilé tí aláìsàn wà, gémù ni o, kì í ṣe gémù ni o. Bọ̀dá Rédíò ní kí wọ́n máa sọ pé ó wàjà. Mo ní láéláé! Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún Aláàfin, ẹ fẹ́ máa sọ ọ́ fún ẹni tí ẹyẹ ṣá jẹ? Níkẹyìn a fẹnu kò sí "ó bọ́ọ́lẹ̀," bíi ti èrò inú mọ́tò.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni àríyànjiyàn. Bọ̀dá Rédíò á máa rántí Èkó, bí èèyàn méjìlá ṣe ń fún ara wọn pọ̀ nínú yàrá kan nítorí igi méjì yìí, tí àwọn mìíràn ń wò ó láti ojú fèrèsé. "Nígbà yẹn, o ń rí òógùn ojú ẹni tó o fẹ́ nà. Èyí tuntun, ìwọ àti ẹ̀rọ ni. Ta lo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ̀yin àti igi yín!" ni Israfil á wí. "Nínú tèmi, ìrìn àjò lò ń rìn, o ò mọ ohun tó wà níwájú. Bọ́ọ̀lù tiyín, láti 1978, ó dé ibo?"

"Ó ń padà wá bá mi," ni ọkọ mi wí. "Ìyẹn tó mi."

Ká má purọ́, èmi náà gbá tuntun yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kírun. Ẹyẹ ṣá mi jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn o, mi ò kàn sọ fún wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹfà, awakọ̀ kan mú iṣẹ́ wá láti Ọ̀yọ́. Àwọn ará ilé ní ẹlòmíràn ń wá àyè tí yóò ti máa hunṣọ, ṣé kí wọ́n tú òfì Hussein kúrò? Wọ́n ń retí èsì lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀. Ọkọ mi wo ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Ní kí wọ́n tú u."

Mo ní ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Inú bí mi. Bí wọ́n bá tú òfì yẹn, mo mọ̀ pé ọkùnrin náà ò ní gbìyànjú mọ́ láé. Mo mú ìborùn, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ìṣe wa.

Bóyá ìbínú ló fi gbá a lọ́jọ́ náà, n ò mọ̀. Ó di mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń di ọwọ́ rẹ̀. Bọ̀dá Rédíò ń làágùn. Èmi wà lẹ́yìn àga, mò ń gbàdúrà nítorí bọ́ọ̀lù. Ìgbà yẹn ni Israfil wọlé, òun àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ ṣì ń gbá igi? Ẹ jẹ́ kí n fi gémù gidi hàn yín." Ó na ọwọ́ láti fa wáyà yọ.

"Má dán an wò!" ni ọkọ mi kígbe.

Pàá! Israfil fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bọ́ọ̀lù kọjá lára igi ọkọ mi, ó pàdánù, kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bọ̀dá Rédíò wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ọwọ́ wo lẹ fi gbá a?"

Gbogbo wa wo òsì. Ó wà nínú ìborùn, mo ti ta á ní kókó méjì.

Israfil dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àga, ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbá mi."

Ọwọ́ ọ̀tún gbéra lórí itan. Ó ń gbọ̀n, ó lọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já lójú ọ̀nà. Ó bọ́ sórí ọwọ́ Israfil, kò tiẹ̀ dún, ṣùgbọ́n ó dé ibẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi náà ń sunkún, Israfil ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀.

"Ìyá Ràódàt," ni ọkọ mi wí, "ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òfì mi."

N ò rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo wọ mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn ará ilé kó ara wọn dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Jímọ̀, láti wá gbọ́ èsì, èmi Safurat ni wọ́n bá tí mo jókòó sídìí òfì ọkọ mi.