Ọlọ́rọ̀ Inú Iná ti Elegbeka

Bí ẹ bá dé Elegbeka tí ẹ ń béèrè ilé Sylvanus Ògúnrẹ̀mí, wọ́n lè wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ béèrè ilé Bàbá Ọlọ́rọ̀, ọmọdé tó ń jẹ gúgúrú lójú ọ̀nà á fọwọ́ júwe rẹ̀ fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o. Kòkó díẹ̀, iṣu díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí bíréèkì rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀: gbogbo ọrọ̀ ọlọ́rọ̀ náà nìyẹn. Inú iná ló ti di olówó.

Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀ máa ń ṣe eré ọlọ́rọ̀ àti Lásárù. Ọlọ́rọ̀ ń jẹ àjẹyó, alágbe Lásárù ń retí èérún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn méjèèjì kú. Lásárù bọ́ sí àyà Ábúráhámù, ọlọ́rọ̀ bọ́ sí ọ̀run àpáàdì, ọ̀gbun ńlá sì wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá. Láti ìgbà tí Sylvanus ti wà ní àpọ́n ni wọ́n ti ń fi í ṣe ọlọ́rọ̀. Kì í ṣe pé ó mọ àjẹyó ṣe. Ikùn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Igbe ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti wọ ẹ̀yìn aṣọ pupa tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, tí fáànù ń fẹ́ bébà pupa sókè bí ahọ́n iná, tó wá ké pé, "Bàbá Ábúráhámù, omi! Ẹ̀kán kan péré!" àwọn ọmọdé á wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn àgbà á sì máa ronú ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà. Àwọn kan máa ń ti ìlú Upenmen wá nítorí igbe yẹn. Àlùfáà tiẹ̀ sọ nígbà kan pé igbe Sylvanus ju ìwàásù òun lọ. Sylvanus kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbàgbé.

Lọ́dún tó kọjá, ìpá gbé e dé ọsibítù kan ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ fún un, pé kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Iṣẹ́ abẹ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ wá pẹ́. Oòrùn mú, ahọ́n Sylvanus gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, Tiwátọ́pẹ́, ọmọ Elegbeka ni. Òun gan-an ló ń darí eré àwọn ọ̀dọ́ nígbà tó bá wálé.

"Tiwá, ọmọ mi," Sylvanus ní, "omi. Ẹ̀kán kan péré."

Tiwátọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ọlọ́rọ̀! Ẹ ò lè sinmi ni? Àsìkò eré ò tíì tó o."

"N ò ṣeré."

"Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn!" Ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Wá gbọ́ Bàbá wa. Bàbá, ẹ tún un ṣe."

Sylvanus kò tún un ṣe. Ó yíjú sí ògiri.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ìpá lọ, ṣùgbọ́n ohun kan wọ̀ ọ́ lára lórí ibùsùn yẹn tí kò bá ìpá lọ. Ká ní òun kò jí ńkọ́? Láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ibo ni wọ́n ti mọ òun? Inú iná. Ibo ló ti mọ́ òun lára jù? Inú iná. Bí òun bá wá ké níbẹ̀ ní tòótọ́, ṣé wọn ò kàn ní pàtẹ́wọ́ fún òun?

Nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ wálé láti yan àwọn òṣèré, Sylvanus ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu dè é.

"Lásárù ni n ó ṣe."

"Lásárù báwo, Bàbá? Kingsley ni Lásárù." Kingsley, tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já kòkó.

"Kí Kingsley jẹun, kó ṣe ọlọ́rọ̀."

"Ta ló máa wá ké?"

"Mo ti ké tó. Mo fẹ́ jókòó sí àyà Ábúráhámù lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Kí wọ́n rí mi níbẹ̀."

Olúyẹ́misí, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbójú sókè. "Bàbá Àràmídé, ṣé eré ni wọ́n fi ń wọ ọ̀run rere? Tiwá, bó bá rí bẹ́ẹ̀, áńgẹ́lì ni kí o fi mí ṣe o."

"Ìyá Àràmídé, máa ṣa ẹ̀wà ẹ."

Àmọ́ Tiwátọ́pẹ́ ti rí ojú rẹ̀, ó sì rántí ọjọ́ tó yíjú sí ògiri. "Ó dáa, Bàbá," ó ní. "Ẹ̀yin ni Lásárù."

Ká sòótọ́, Lásárù yẹn kò dára rárá. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ajá, tó yẹ kí wọ́n máa lá egbò rẹ̀, ń fọwọ́ kàn án ní àtẹ́lẹsẹ̀, alágbe tó ń jìyà sì ń bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó kú tán, ó la ojú kan láti wò ó bóyá Olúyẹ́misí ń wo òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn áńgẹ́lì gbé e dé àga aláṣọ funfun, níbi tí Adégbénga, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń ṣe Ábúráhámù pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú, ojú Sylvanus yí padà. Ó gbé orí lé èjìká Adégbénga. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára. Gbogbo Elegbeka rí i níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Ìgbà náà ni Kingsley bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti inú iná.

Kingsley kò mọ igbe ké. "Bàbá Ábúráhámù... ẹ jọ̀ọ́... omi."

"Kingsley, gbé ohùn sókè!" àwọn ọ̀dọ́ kan kígbe lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Sylvanus mọ ẹ̀rín yẹn. Ó gbé orí kúrò léjìká Ábúráhámù, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, níbi tí Adégbénga tọ́jú omi inú ọ̀rá tirẹ̀ sí, ó mú un.

"Sylvanus," Adégbénga sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ irùngbọ̀n, "níbo lò ń lọ?"

"Mò ń bọ̀, sà."

"Ọ̀gbun wà níbẹ̀! Wọn kì í kọjá! Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ báyìí!" Ó di àkísà Lásárù mú. Àkísà náà ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Okùn tí wọ́n ta sáàárín bẹ́ǹṣì ni ọ̀gbun náà. Sylvanus gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó rọra gbé èkejì nítorí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó ká aṣọ pupa sókè, ó fi eyín ya ọ̀rá náà, ó sì gbé e sí Kingsley lẹ́nu. Ooru ti mú Kingsley lẹ́yìn aṣọ yẹn. Ó mu ún tán láìgbé ẹnu kúrò.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ìjọ gbọ́ dáadáa lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Àlùfáà wo Bíbélì rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n lè ti tún un kọ, ó ní kí ìjọ dìde kọ orin.

Níta, Adégbénga ṣì mú irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. "O ba ìtàn Ọlọ́run jẹ́! Lọ́dún tó ń bọ̀, inú iná lo máa padà sí. Ibẹ̀ yẹn, o ò lè jáde."

"Ẹ gbọ́," Olúyẹ́misí ní, ó na ṣẹ́ẹ̀tì sí ọkọ rẹ̀. "Wọ́n ti lé yín kúrò ní ọ̀run."

Tiwátọ́pẹ́ sún mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé ẹ̀rù iná ò bà yín mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí." Sylvanus ń wá ihò bọ́tìnnì. "N ó padà síbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n Kingsley ni kí o fi ṣe Lásárù o. Òun ṣáà mọ̀ pé mo fún òun lómi."