Ẹsẹ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ilé

Ẹ̀yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, nínú Ṣàgámù, ni ìyá ọkọ mi sin ẹsẹ̀ ọmọ wọn sí. Ọkọ̀ ló gé e níbi tó ti ń pààrọ̀ táyà ní Ògèrè, lórí títì márosẹ̀. Màmá fi aṣọ funfun wé ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì kọ̀ láti fi ibẹ̀ han ọkọ mi. Wọ́n ní ojú alààyè kì í rí sàréè ara rẹ̀.

Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá wọn létí. Ọkọ mi ò gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ. Ó ní àwọn ìka rẹ̀ ń yún òun. Káfíńtà gbẹ́ ẹsẹ̀ igi fún un, ọkọ mi ní ká gbé e fún ẹlòmíràn. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mò ń gbé ọkọ mi lọ sí ṣáláńgá, ẹ̀yìn sì ń ro mí.

Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà òjò, mo bu àwọn ọmọ àkèré tó ṣì ní ìrù wálé nínú abọ́, mo fi abẹ gé ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára ọ̀kan. Ẹsẹ̀ náà tún hù. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti gbé àga ti abọ́ yẹn, tó ń bu omi òjò kún un.

"Tíṣà, Ọlọ́run tó ṣe é fún àkèré, ṣé ó kórìíra mi ni?"

Màmá ń ṣe àmín, bí ẹni pé àdúrà ni.

Nígbà tó yá, ìrù ọmọ àkèré náà tán, ó di àkèré gidi. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó fò jáde. Ọkọ mi dìde láti mú un. Ẹsẹ̀ tí kò sí ló fi tẹlẹ̀. Ó ṣubú gbì.

Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti bi mí pé, "Tí o bá tún gé e báyìí, ṣé á hù?"

"Rárá. Kékeré rẹ̀ ló ń hù. Tó bá ti dàgbà, ó parí."

"Èmi ti dàgbà kí tèmi tó gé."

Ó sunkún. Èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ fi ibi tí ẹ sin mí sí hàn mí."

Màmá nawọ́ sí ìdí igi obì lẹ́yìn ilé. Ó wò ó títí.

"Tíṣà," ó ní, "gbé ẹsẹ̀ igi yẹn wá."