Afárá Kan fún Onígbàjámọ̀

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí àbúrò mi obìnrin ti ń sin oyin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Bí oyin bá ta á, á ní ṣe ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ wọn òun fún aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, onígbàjámọ̀ òdìkejì títì sáré wọlé, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá aránṣọ, ẹ gbà mí! Ìyá oyin mi ti kú.”

Àpótí oyin kan ṣoṣo ló ní. Bí kò bá rí afárá tí ẹyin tútù wà nínú rẹ̀, kí oyin rẹ̀ fi tọ́ ìyá mìíràn tí yóò máa yé ẹyin, àpótí náà á ṣófo ni. Àbúrò mi ní irú afárá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ olóyin, Alága sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá ran ará ìta lọ́wọ́ kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìfún-oyin ẹgbẹ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò mi sì fẹ́ kórè oyin.

Mo ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà sí i.

“Ẹ máa gbà á lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà bá mi di agolo èéfín yìí mú, kí oyin má baà ta wá.”

Mo ṣe àmín kíákíá. Ó fi aṣọ wé afárá náà, ó gbé e sọdá títì lójú gbogbo ayé.

Kó tó dọ̀sán, Alága ti dé.

“Ìyá aránṣọ, ẹ mọ òfin.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ṣebí èmi ni mo rán aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ ka òfin náà.”

“Ẹ má wá béèrè ẹ̀rọ o!”

“Ta ló bi yín? Ọlọ́run tó dá oyin, ṣé ó bi òdòdó ní káàdì ẹgbẹ́ ni?”

Láìsí ẹ̀rọ, ọjọ́ mẹ́rin la fi ọwọ́ tẹ afárá nínú aṣọ nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo afárá náà ló rún, oyin á tún un mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oyin ta sí Bíbélì mi, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ra títí dòní. Àwọn ọmọ mi, àgbà onírùngbọ̀n, ní kí àbúrò mi lọ bẹ Alága. Ó ní kí wọ́n wá bá òun tẹ afárá.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá tuntun yọ nínú àpótí onígbàjámọ̀. Kò sí orí tó fá tí kò gbọ́. Ní Sátidé, ará ìta mẹ́ta wá kọ́ iṣẹ́ oyin lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ọjọ́ náà ni lẹ́tà Alága dé: bó bá tọrọ àforíjì, á tún lè lo ẹ̀rọ ẹgbẹ́.

Àbúrò mi kà á sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó wá yí i dojú dé, ó fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ ya ẹyin oyin sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ sún mọ́bí. Bí ẹyin bá dúró ṣánṣán báyìí, kò tíì ju ọjọ́ kan lọ.”