Àárín Fíìmù Tí Ìyá Tọ́ọ̀ṣì Kò Rí

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá pa irọ́ kan ṣoṣo mọ́ ọn, kí ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi bá oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la lọ. Àwọn tó mọ̀ mí á ní mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀? Ṣùgbọ́n èyí dùn bó ṣe wà, kò gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan wà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Ìyá Tọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ilé sinimá ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń fà á ya sí méjì, tó sì ń fi tọ́ọ̀ṣì tànmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn tó bá pẹ́ dé, kí wọ́n má baà lọ jókòó lórí itan onítan. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ kì í dún. Tó bá ní "ẹ dákẹ́" nínú òkùnkùn, àwọn tó wà nínú fíìmù pàápàá a fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Iṣẹ́ náà ní ìyà kan nínú. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo fíìmù ni Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ń rí, nítorí ó gbọ́dọ̀ dúró sínú títí gbogbo èèyàn á fi rí ìjókòó. Ó ń rí òpin, nítorí òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Àárín ńkọ́? Àárín ni ó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó ń kó páálí gúgúrú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wo ìgbéyàwó àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n ti pàdé, tó ń wo olè tó wẹ̀wọ̀n láì mọ ohun tó jí. Kò dùn ún. "Ẹni tó mọ ibi tí a ti ń bọ̀, tó tún mọ ibi tí a ń lọ," ló máa ń wí, "kí ló tún kù tó fẹ́ mọ̀?"

Ohun tó kù náà ló wá fẹ́ kó bá a.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Gbogbo ilé ń pe ọmọ náà ní Oníbéèrè, torí kì í jẹ́ kí ìbéèrè kan jinná kó tó gbé òmíràn kaná. Lọ́jọ́ kan, Oníbéèrè ń yọ̀ wálẹ̀ lórí irin àtẹ̀gùn ilé wọn bí ẹni ń gẹṣin. Irin parí kí ọmọ tó parí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán. Dókítà fi nǹkan funfun líle dì í láti orúnkún wálẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tú u, egungun ti so pọ̀ dáadáa. Ọmọ ni kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ ní rírìn sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá rìn ní báyìí, ẹsẹ̀ náà lè má lágbára mọ́ láéláé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tàn án, wọ́n fi bísíkíìtì lọ̀ ọ́. Oníbéèrè jókòó sórí àga lójú fèrèsé bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀.

"Ó ń dùn mí," ló ń wí. "Ìgbà wo ni kò ní dùn mí mọ́?"

Wọ́n tún na bísíkíìtì mìíràn sí i.

Àsìkò yẹn gan-an ni kàtúùnù tuntun kan dé sí ilé sinimá. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku ni eré náà dá lé. Iná ti kú ní gbogbo ààrò ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ lọ bu òmíràn wá lórí òkè gíga kan. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì rí ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ náà dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ̀gún gún un, ó jókòó, ó ń wo òkè. Ó rí òpin: ọmọ náà ti wà lókè, iná ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, eruku sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé kókósẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, tí ẹ bá lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dọ̀tí, kí ló ṣe bí kò bá rìn?

Láàárọ̀, bó ṣe ń di irun fún Oníbéèrè kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fíìmù náà fún un.

"Ẹ̀gún yẹn ńkọ́?" ni Oníbéèrè bi í.

"Ó yọ ọ́."

"Ó dùn ún?"

"Ó dùn ún gan-an ni."

"Kí ló wá ṣe?"

Ìyàrun dúró nínú irun. Àárín ti dé nìyẹn. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ti tín-ín-rín ju èkejì lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ jáde láti inú ara rẹ̀.

"Ó dìde. Ó ní, 'Ẹsẹ̀, mo gbọ́ pé ò ń dùn mí. Máa dùn mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ máa lọ.' Ló bá gbé e síwájú."

"Ó sunkún?"

"Ó ń sunkún, ó ń rìn. Ta ló ní èèyàn ò lè ṣe méjèèjì pọ̀?"

Oníbéèrè di èjìká ìyá rẹ̀ mú, ó dìde pẹ̀lú irun tí wọn kò tíì dì tán lórí. "Ẹsẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́, "mo gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku ń gun òkè díẹ̀ sí i, láràárọ̀ ni Oníbéèrè ń rìn díẹ̀ sí i: ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé orí àtẹ̀gùn tó ṣe é léṣe. Ìyá rẹ̀ rọ òjò sórí òkè náà. Ó fi òkúta tó ń rìn sí i, òkúta tó jẹ́ pé tí o bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ò ń lọ. Àwọn ọmọ alájọgbé wá ń jókòó tì wọ́n láti gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Oníbéèrè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní òun fẹ́ lọ wo Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku fúnra òun ní Sátidé, òun kò sì ní wọkọ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà, arẹwà ọkùnrin kan tó gbọ́n púpọ̀, ní òun yóò bá a rìn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọkùnrin kan jáde látinú fíìmù, tó ń na apá méjèèjì, tó ń fi gbá gbogbo èèyàn létí.

"Kí lò ń ṣe?" ni Ìyá Tọ́ọ̀ṣì bi í.

"Èmi ni ẹyẹ."

"Ẹyẹ wo?"

"Ẹyẹ náà," ni ọmọ wí, bí ẹni ń dá dìndìnrìn lóhùn. Ìyá rẹ̀ fà á lọ.

Ìyá Tọ́ọ̀ṣì fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ ló gbé Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku dé òkè ńkọ́? Oníbéèrè yóò jókòó nínú òkùnkùn, yóò rí i pé Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku kò fẹsẹ̀ rìn níbì kankan. Ṣé kò ní padà sórí àga ojú fèrèsé? Ṣé yóò tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ gbọ́?

Ó wá ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku, kí ó lè fi ọgbọ́n mọ̀ bóyá ó rìn. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ ní, "Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń lọ. Kò díbọ́n." Bíríkìlà kan tó kó ọmọ wá ní, "Ó kí ìyá rẹ̀ kó tó jáde nílé. Àwọn tèmi yìí, tí wọ́n bá jáde, ilẹ̀kùn nìkan ló ń sọ fún mi." Ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi páúdà kun ẹsẹ̀ kó lè dà bí eruku ní, "Kò rẹwà. Ẹ ò ṣàkíyèsí? Imú rẹ̀ rí bíi tèmi gẹ́lẹ́, wọ́n sì fi í ṣe olórí eré."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó rìn?"

"Ẹsẹ̀ kẹ̀?" ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí, bí ẹni pé wọ́n bi í léèrè àwọ̀ àga.

Bí ojú ṣe pọ̀ tó nínú òkùnkùn yẹn ni Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku ṣe pọ̀ tó. Kò sí ọ̀kan tó jọ tinú ilé Oníbéèrè.

Ìyá Tọ́ọ̀ṣì wá lọ bá ọ̀gá ilé sinimá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Onítáì, torí kò sí ooru tó lè mú un tú táì ọrùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n wo àárín kàtúùnù yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹ̀yin."

"Èmi?" Ọ̀gá fọwọ́ kan táì. "Tí mo bá gbà fún yín, ẹni tó ń yan gúgúrú náà á fẹ́ wò ó."

"Ẹ jẹ́ kó wò ó. Bóyá á yéé jó o."

Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìyá Tọ́ọ̀ṣì, fèrèsé ló ń wá. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé, ó mú ìgbálẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì, ó wọlé nígbà tí fíìmù dé àárín gbùngbùn, ó ní bàtà oníbàárà kan sọnù. Ó ń rá pálá láàárín àwọn àga. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbésẹ̀. Ẹ gbé èkejì náà." Nígbà tó dé ibi tó dáa, ó gbé orí sókè. Ojú ọ̀run ló rí, aró gbogbo, àti ìkùukùu. Kò rí ẹsẹ̀, kò rí ẹyẹ. Ó dúró dè é.

"Ìyá Tọ́ọ̀ṣì."

Ọ̀gá Onítáì ló ń bọ̀ látẹ̀yìn, tó ń sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí àwọn ọ̀gá ṣe ń sáré tí wọn kò fẹ́ kó hàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gúgúrú tẹ́nì kan dà sílẹ̀ pàdé. Ó yọ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì fìdí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Tọ́ọ̀ṣì gan-an, táì lórí èjìká. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Kí Ìyá Tọ́ọ̀ṣì tó gbé e dìde, kó tó gbá ilẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀-Eruku ti wà lórí òkè pẹ̀lú iná lọ́wọ́.

"O tún ti dé òkè láìdúró dè mí," ni Ìyá Tọ́ọ̀ṣì wí fún un.

Nígbà náà ló pinnu. Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu tó pa á ni Oníbéèrè yóò ti gbọ́ ọ, kí ó tó wọlé, kì í ṣe lójú fíìmù.

Sátidé dé. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn tò síwájú rẹ̀, ó sì rí Oníbéèrè nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé sinimá. Ọmọ náà jọ̀wọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó gùn ún láì di ẹnikẹ́ni mú, ètè rẹ̀ ń mì: ó ń bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, à ń dúró o," ni ọkùnrin kan wí lórí ìlà.

"Ẹ máa dúró. Ẹ̀yin náà ti kọ́ rírìn rí."

Nígbà tí ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Oníbéèrè, kí o tó wọlé, mo ní ohun kan láti sọ nípa àárín yẹn."

"Ẹ má sọ ọ́, Màmá. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i." Ó já ààbọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì gbà, ó wọlé.

Ìyá Tọ́ọ̀ṣì gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ fẹjọ́ sùn. Nígbà tí àsìkò tó, ó wọlé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wo bàtà tó ń kọjá. Bàtà tó ń dúró dè ló jáde kẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan tín-ín-rín ju èkejì lọ. Ojú ọmọ náà le.

"Ó gun ẹyẹ," ni Oníbéèrè wí.

"Mi ò rí àárín yẹn rí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Láti orí ẹ̀gún títí dé òkè, èmi ni mo dá a."

"Òkúta tó ń rìn ńkọ́?"

"Èmi ni."

"'Ẹsẹ̀, mo gbọ́' ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Oníbéèrè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn tó gbà wọlé.

"Ẹyẹ yẹn kọ́kọ́ kọ̀ fún un," ló wí. "Ó lé e dànù. Ọmọ náà padà wá. Ó tún lé e, ó tún padà, títí ó fi sú ẹyẹ. Olórí kunkun ni, bíi tiyín. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀."

"O ò bínú?"

"Mo bínú nígbà tí ẹyẹ dé. Ṣùgbọ́n ó dáa bí ẹ ò ṣe fi ẹyẹ sí tiyín. Ká ní ẹ fi sí i ni, ǹ bá ṣì wà lójú fèrèsé, kí n máa retí ẹyẹ."

Tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

"Màmá, tó bá jẹ́ pé ẹyẹ ló gbé e, eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwọn tó ṣe é náà ò mọ̀," ni Oníbéèrè wí, ó sì kọjú sí ọ̀nà.

Ọ̀gá Onítáì ń tiro bọ̀. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ fún ọmọ náà.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi wá," ni Oníbéèrè dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹsẹ̀ yín ń dùn yín?"

"Díẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo purọ́ mọ́ Ọ̀gá Onítáì pé ó fìdí jókòó, ẹ lọ bi í, ẹ má ṣáà sọ pé èmi ni mo rán yín. Ohun kan ṣoṣo, kékeré, ni mo fi kún un. Mo ní Oníbéèrè kò di ẹnikẹ́ni mú lórí àtẹ̀gùn ilé sinimá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di etí ẹ̀wù bàbá rẹ̀ àgbà mú, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó sì jù ú sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Èmi ni mo wọ ẹ̀wù náà. Ibi tó dì mú ṣì rún títí di òní, n ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ̀ ọ́.