Màmá Mojísọ́lá, Tíṣà Tó Ṣí Mi Lẹ́nu

Yéè, Màmá Mojísọ́lá! Ta ni kí n máa pè ní tíṣà mi báyìí? Ìròyìn ikú yín bá mi lójijì, ọ̀rọ̀ sì pèsì jẹ ní gbogbo èdè tí mo gbọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ Kétu ni mí, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni a ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níléèwé. Nígbà tí mo wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Níbi tí mo kọ́kọ́ ti lọ kọ́ ọ, ní Ṣàngó, gírámà ni wọ́n ní kí n há sórí, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá la ẹnu. Ni mo bá panu mọ́, odindi sáà kan.

Ẹ̀yin lẹ ṣí mi lẹ́nu, ìyá mi, nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kékeré yẹn lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì ní Agbowó. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ní, "Àbíkẹ́, kí lo fẹ́ fi èdè yìí ṣe?" Ẹ ní kí n fi Yorùbá sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń bi aláìsàn, kí gbogbo kíláàsì bá mi wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. "Ẹnìkan kì í dá èdè kọ́," bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí, "ẹnu ẹlòmíràn la ti ń bá a."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ni iléèwé tí ẹ ti ń kọ́ wa wọlé bá wa. A ti fi tábìlì ṣe ibùsùn aláìsàn, à ń sọ Yorùbá, à ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì nìyí? Màmá, bí ẹ kò bá lè lo ìwé tí mo rà, ẹ jẹ́ kí n wá ẹlòmíràn." Ẹ kò bá a jà. Ẹ fa àga fún un: "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ ṣe aláìsàn fún wa díẹ̀. Àbíkẹ́, ó yá."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í níbi tó ń dùn ún. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ bi í nípa oògùn, mo wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tì. Ẹ̀ ń wò mí títí ẹni tó jókòó tì mí fi sọ ọ́ sí mi létí. Mo bi í. Ọ̀gá wá jẹ́wọ́ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun sì ti pa oògùn tì láìsọ fún ìyàwó òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, láìwo ìwé, pé kó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó dìde, ó ní, "Màmá, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Olùkọ́ tí kì í fi àṣìṣe ẹni ṣẹ̀sín! Ẹ le lórí àkókò o. Ẹ tì mí mọ́ta rí nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sunkún lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin náà lẹ jáde wá nu ojú mi.

Lónìí, nọ́ọ̀sì ni mí, l'Ókè-Àdó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa ọmọ kíláàsì yẹn lọ kí àwọn ọmọ yín ní Bódìjà. Wọ́n fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tuntun kọ nípa àdúgbò wọn hàn wá. Ìdajì péré lẹ tíì kà kí ẹ tó lọ. A pín ìyókù láàrin ara wa, a kà á tán. Lọ́jọ́ Ajé, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Agbowó, mo sì dúró kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Kíláàsì yín kò tú, ìyá mi. Ẹ sùn re, ẹ sùn bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán.