Aránṣọ Tí Orúnkún Rẹ̀ Kò Gbọ́ràn

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni aránṣọ náà. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ilé ìfọṣọ, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó máa ń sọ pé bí òun bá ti kúrò níbi eré lọ́jọ́ Sátidé, ó di Sátidé mìíràn kí òun tó tún bá èèyàn sọ̀rọ̀ tó dọ́ṣọ̀.

Inú gbọ̀ngàn àdúgbò la ti ń ṣeré náà. Kálukú ló ní èdè tirẹ̀. Èyí tí gbogbo wa gbọ́ díẹ̀díẹ̀ la fi ń ṣe é. Èmi ni mo ń fa aṣọ ìkélé.

Tíṣà tó ń kọ́ wa fi aránṣọ ṣe obìnrin olówó. Ó fi Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe nítòsí ibùdókọ̀, ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Baba yìí ti lé lọ́gọ́rin. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Nígbà ìdánrawò, bí Baba bá ti tẹrí ba fún un báyìí, aránṣọ á dìde lórí àga, á kúnlẹ̀. Ta ló kọ́ ọ pé kó jókòó kí àgbà máa tẹrí ba fún òun?

Tíṣà bá a wí títí. Ó ní bó bá lọ kúnlẹ̀ lójú èrò, òun á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Baba fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bí ẹni tí kò mọ òun rí. Aránṣọ ní orí òun ti gbà, orúnkún òun ni kò gbà.

Ọ̀sán Sátidé tó kọjá, èrò kún. Mo fa aṣọ. Baba gbé atẹ́ wọlé, ó tẹrí ba. Mo rí i tí aránṣọ di apá àga mú pinpin. Pàbó ló já sí. Ó ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Tíṣà fọwọ́ bojú.

Baba gbé atẹ́ kalẹ̀. Òun náà rọra kúnlẹ̀, eegun rẹ̀ ń dún.

"Òrùka yín tún ti bọ́, mà? Òrùka yìí á pa mí o. Ẹ padà sórí àga, ẹ jẹ́ n wá a."

Ẹ̀rín sọ. Aránṣọ náà ní kó wá a dáadáa, ó sì jókòó. Baba kò dìde mọ́. Ilẹ̀ ló ti ń wá òrùka, ilẹ̀ ló ti ń dáhùn, kó má baà tún tẹrí ba fún un.

Nígbà tí mo pa aṣọ dé, aránṣọ lọ bá a nílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ò jẹ́.

Baba ní, "Ọmọ mi, ọpẹ́ dára. Ṣùgbọ́n fà mí dìde ná."

Tíṣà dé, ó bi wọ́n pé ta ló kọ ti òrùka sínú eré. Baba ní àgbà ló kọ ọ́. Tíṣà wò ó títí, ó wá sọ fún aránṣọ pé kó má pẹ́ dé ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ìyàwó Baba, tó wá wòran, ò jẹ́ kí aránṣọ lọ dá jẹun. Ìrẹsì àti ẹja ló jẹ nílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tún bù sí i.