Áàpù Tí Gbogbo Wọn Fi Ń Dúpẹ́

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn ilé yẹn ní Okokomaiko. Ilé búrẹ́dì wà nísàlẹ̀, yàrá ìyá olùdámọ̀ràn wà lókè, àtẹ̀gùn kan náà sì ni gbogbo èèyàn ń gbà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá náà mọ̀ọ́mọ̀ gba yàrá síbẹ̀ ni. Àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀, tí wọ́n ń wá bá a sọ̀rọ̀, kì í fẹ́ kí ará àdúgbò mọ ibi tí wọ́n lọ. Ládùúgbò tiwa, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé o ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ, o ti di wèrè nìyẹn, bó o tiẹ̀ so táì mọ́rùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n nu ojú wọn nù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ra búrẹ́dì kan, wọ́n á gbé e dání jáde. Ta ni yóò bi ẹni tó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́ pé níbo lo ti ń bọ̀? Èmi gan-an jẹ búrẹ́dì lákòókò yẹn débi pé aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi.

Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìwọ náà ń ṣe áàpù, o mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tuntun fúnni: oorun á dá, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí. Ó máa ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìwé àjákọ, pé kí wọ́n máa kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn sínú rẹ̀ títí wọ́n á fi tún padà wá. Ṣùgbọ́n òjò pa ìwé ẹnì kan, ọkọ ẹlòmíì rí tirẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì kà á látòkèdélẹ̀. Ìyá náà ránṣẹ́ pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, bá mi fi nǹkan yìí sínú fóònù. Fóònù nìkan ni wọn kì í gbàgbé sílé.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn káàkiri pálọ̀ mi ní Ìbà Housing Estate pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lápá, nítorí èmi kì í lè ronú lórí ìjókòó. Ohun tí mo ṣe wá dára lójú mi. Láràárọ̀, fóònù á dún pẹ́lẹ́, á béèrè pé, “Báwo ni ọkàn yín lónìí?” Ojú mẹ́ta á yọ: èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì fajú ro, èyí tó fajú ro. Àyè wà lábẹ́ wọn téèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Lórí fóònù ìyá náà, orúkọ ẹni tó fajú ro á pupa, á sì bọ́ sókè. Orúkọ ẹni tó rẹ́rìn-ín á ní àwọ̀ ewé, á lọ sísàlẹ̀. Gbogbo wọn ti gbà kí ó máa ka tiwọn, èmi náà sì ń rí i nítorí mo ṣì ń dán an wò. Mo ní, “Ẹni tó bá wà lókè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí, mà.” Inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, gbogbo orúkọ ló di àwọ̀ ewé. “A dúpẹ́.” “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” “Alihamudulilahi.” “Ògo ni fún Jésù.” Obìnrin kan tó sunkún títí lórí àga ìyá náà lọ́jọ́ Ajé tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó yẹ kí n fura. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ń rò ó lọ́kàn mi pé áàpù mi ti ń wo èèyàn sàn. Kí n má parọ́ fún ọ, òmùgọ̀ ni mí nígbà yẹn. Àwọn tó ń dúró de ìyá náà sì pọ̀, èmi ni mo wá dá a lábàá pé kí ó sún àwọn tó wà nísàlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ó rò ó díẹ̀, ó gbà.

Ọkùnrin kan tó ń tún firíìjì ṣe ní Igbó-Elérin wà lára àwọn tí a sún. Ará ìlú kan lápá Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kú, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bá a pàdé lọ́dọ̀ ìyá náà. Ó tẹ́tí sí firíìjì kékeré tó wà ní igun yàrá, ó ní kọ́mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ń ṣe wàhálà ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú gbogbo àwọn tó ń lo áàpù náà, kò sí ẹni tó ń tètè dáhùn tó o. Láràárọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá. Ó ti kọ́kọ́ ra búrẹ́dì kó tó gòkè, ó gbé e lé itan, ó jókòó sí etí àga.

“Ẹ má bínú, mà,” ló wí. “Bàbá wọn ti pín irinṣẹ́ wọn.”

“Fún ta ni?” ìyá náà bi í.

“Wọ́n kó díẹ̀ fún àbúrò wọn, wọ́n kó ìyókù fún ọ̀gá kan ládùúgbò. Wọ́n ní àwọn ò nílò ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ yìí wọ́n wá ń fi ibi tí ìwé ilé wà hàn mí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ti ń ronú jù.

O ò ní gba ohun tí mo ṣe gbọ́. Mo ṣí fóònù, mo nawọ́ rẹ̀ sí i, mo ní, “Ṣùgbọ́n ara wọn yá, mà. Ẹ wò ó. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí wọ́n ti ń kọ ‘A dúpẹ́’.” Obìnrin náà wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí kò tíì gbọ́n. Ìyá olùdámọ̀ràn ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀. Ọ̀nà náà ò jìn. Mo ń ṣí fóònù, mo ń pa á, mo tún ń ṣí i, bí ẹni pé ọkùnrin náà fẹ́ kọ nǹkan míì sí i. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní àwọ̀ ewé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e síbẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run, jẹ́ ká bá a.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Ìyàwó rẹ̀ pè é, kò gbé e. Mo sáré dé ìkángun àdúgbò, mo sáré padà, mo bi gbogbo ẹni tí mo rí. Ìyàwó náà ló rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Kò tíì tó àsìkò ìrun Àyílà, kò sí ẹlòmíì nínú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó jáde wá, ó jókòó sórí pèpéle tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, àárín àwọn búútà. Omi ń kán nínú ẹ̀rọ.

Ìyá náà jókòó tì í, ó ní, “Ẹ kú ìrójú, Bàbá.” Kò bi í ní nǹkan kan. Èmi tí ẹnu mi kì í lè dúró ni mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé ẹ dúpẹ́, sà.”

Ó gbójú sókè wò mí. “Kí ló yẹ kí n kọ? Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní báwo ni. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ ibi sílẹ̀ de ara mi ni?”

Ìyá náà ló bi í pẹ̀lẹ́ pé, “Ta lẹ wá ń sọ tòótọ́ fún?”

“Ọlọ́run.”

“Kí lẹ sọ fún Un lónìí?”

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. “Mo bẹ̀ Ẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe ohun tí ọkàn mi ní kí n ṣe.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé búrẹ́dì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Ìyá náà bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà kò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Ohun tó sọ ni pé, “Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́.” Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n mú un lọ rí dókítà ní ọsibítù. Látìgbà náà, wọn ò fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí dókítà fi ní ó tó, àbúrò rẹ̀ sì kó irinṣẹ́ náà padà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo padà sílé, mi ò lè jókòó, mi ò lè dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún ìyá náà pé mo fẹ́ pa áàpù náà rẹ́. Ó ní, “Má pa á. Èmi náà tó sún un sí oṣù, ṣé kí n pa ara mi rẹ́ ni? Ìkíni lo ṣe síbẹ̀, ọmọ mi, kì í ṣe ìbéèrè. Bí wọ́n bá kí Yorùbá, á dúpẹ́. Bí ilé bá ń jó lẹ́yìn rẹ̀, á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.”

Mo bá yọ ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Mo yọ pupa, mo yọ àwọ̀ ewé. Kò sí fóònù tó tún ń sún ọjọ́ ẹnikẹ́ni; ìyá náà ló ń fojú ara rẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ láràárọ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló sì tún ń rí wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: “Kí lẹ bẹ Ọlọ́run fún lónìí?” Mo kọ́kọ́ jiyàn pé wọ́n á ní a ti sọ áàpù di ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n ṣe é ná. Mi ò lè gbàgbé ohun tí mo kà lọ́sẹ̀ yẹn. “Olúwa, jẹ́ kí n lè gbé oúnjẹ mì.” “Má jẹ̀ẹ́ kí n tún lu ọmọ yìí.” “Jẹ́ kí ilé dákẹ́.” Ọ̀dọ́ kan kọ ọ́ pé, “Mi ò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan kan mọ́.” Ìyá náà kò jẹ oúnjẹ àárọ̀ kó tó pè é. Ohun tí wọn kò lè fi ẹnu wọn pè mọ́ ara wọn, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run lórí ẹní àdúrà láti ọjọ́ yìí wá. Kò kàn sí ẹni tó bi wọ́n lọ́nà tó yẹ ni.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin oníṣẹ́ firíìjì kọ tirẹ̀: “Ọlọ́run, jẹ́ kí wọ́n mú iná wá lọ́la, kí n lè dán firíìjì oníbàárà mi kan wò.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀la ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo sunkún nínú pálọ̀ mi, mi ò sì tijú.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe ìyá mi ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ìpè wa kì í pẹ́: ṣé dáadáa ni, a dúpẹ́, ó dàbọ̀. Ọdún mélòó la ti ń bára wa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní, “Mà, kí lẹ bẹ Ọlọ́run fún láàárọ̀ yìí?”

Wọ́n ní, “Pé kó o yà wá kí mi.”